Pèrègún Tí A Gbìn Síwájú Iléèwé

Kété lẹ́yìn tí àrùn kòrónà rọlẹ̀, tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé padà, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀ níbí. Èmi ni alága ẹgbẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka wa nígbà náà. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi wá, mi ò sì padà sílé mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í gba iwájú iléèwé yẹn kọjá, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́.

Ilẹ̀ kékeré kan wà láàárín ọgbà iléèwé àti títì. Kò tó púlọ́ọ̀tì kan. Nígbà tí ìjọba la títì ló ṣẹ́ kù bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó rí tiẹ̀ rò. Ibẹ̀ làwọn ọmọ tó ń ti Òdìgbó àti Ajue wá máa ń dúró sí títí ọ̀kadà wọn á fi dé, kí tírélà má baà gbá wọn. Àfi bí a ṣe gbọ́ pé káńsù fẹ́ tà á fún ọkùnrin tó nilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ilẹ̀ tí kò bá tó ilé kọ́, wọ́n á ní ẹni tó bá a pààlà nìkan ló lè wúlò fún, wọ́n á sì rọra fà á lé e lọ́wọ́ láìjẹ́ kí ìlú gbọ́.

Orí mi máa ń tètè gbóná. Mo kó olùkọ́ àti òbí jọ, a lọ jókòó sẹ́nu géètì káńsù. Alága káńsù jáde sí wa, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, torí ilẹ̀ bíńtín yìí lẹ ṣe ti iléèwé pa?"

"Bó bá jẹ́ bíńtín, ẹ̀yin náà ẹ fi sílẹ̀ fún wa," mo fèsì.

Àwọn èèyàn hó yèè. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ní òun ti wọ́gi lé títà náà. Ijó la jó délé.

Ìyá Ìbùkún ló ní ká má tíì fọkàn balẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni l'Ajue, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà ní kíláàsì mi.

"Ẹ jẹ́ ká gbin pèrègún yí i ká," ó ní. "Kò sẹ́ni tó máa kọjá rẹ̀."

Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ọmọ àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé pèrègún ni wọ́n fi ń pààlà oko. Ó fi ọ̀kadà gbé èyí tó ti gbó wá láti oko rẹ̀, àwa àtàwọn ọmọ sì gbìn ín, à ń kọrin.

Pèrègún náà yè, ó ga. Nígbà tí alága yẹn kúrò nípò láì kọ ohun tó sọ fún wa sínú ìwé, onílé náà tún dìde. Ó ní ilẹ̀ bàbá òun ni, bàbá òun ló sì gbin pèrègún ibẹ̀. Káńsù rán ọ̀gá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ìlú mìíràn pé kó wá wò ó.

"Ta ló gbin èyí?" ó bi wá.

"Àwa ni, sà," Ìyá Ìbùkún dáhùn.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ nilẹ̀ ni?"

"Rárá o. Ti gbogbo ìlú ni."

"Màmá, ẹni tó bá nilẹ̀ ló ń gbin pèrègún sí i. Bí kì í bá ṣe tiyín, á jẹ́ ti ìdílé ọkùnrin yìí nìyẹn."

Ohun tá a fi ń ṣọ́ ilẹ̀ ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa. Wọ́n fún ọkùnrin náà níwèé, wọ́n ní kí àlàáfíà lè jọba ni, ó sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ títí dé ẹnu gọ́tà.

Etí títì làwọn ọmọ wá ń dúró sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tójò ń rọ̀, tírélà kan yà fún kòtò, ó sì gbá Ìbùkún. Èmi ni mo gbé e. Báàgì rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Títí dòní, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà wọ iléèwé.

Kí la wá rí gbà? Bí káńsù bá fẹ́ ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí, wọ́n máa ń lẹ ìkéde síta kí ìlú lè rí i. Ìyẹn kì í ṣe kékeré, ìjà wa ló fà á. Ṣùgbọ́n wọn ò fún àwọn ọmọ níbòmíràn, àwa náà ò sì tún lọ bèèrè. Ó ti rẹ̀ wá.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ kí Ìyá Ìbùkún. Látọ̀nà ni mo ti ń ro ohun tí màá sọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sunkún.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "níbo ló yẹ kí ọmọ mi dúró sí?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, etí títì yẹn náà làwọn ọmọ dúró sí lọ́sàn-án òní.