Alága Tó Ń Kan Àga

Ọjọ́ tí àga fọ́ mọ́ alága nídìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ̀ pé agbègbè àwọn tilẹ̀ ní ẹgbẹ́ oníṣòwò.

Àlejò pàtàkì ló wá lọ́jọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe ìṣó ń wá ibi tí wọ́n máa kọ́ ẹ̀ka wọn sí, wọ́n sì rán ọkùnrin méjì àti obìnrin kan tó wọ awò ojú wá wo agbègbè náà. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti nu tábìlì yàrá ìpàdé títí ó fi ń dán bíi dígí. Báńkì ni akọ̀wé obìnrin yìí ti ṣiṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sì dá a lójú pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan níbẹ̀. Láàárọ̀, ó ti bẹ alága, ó tún un bẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ṣàwàdà lónìí."

"Àwàdà kẹ̀? Èmi?"

Káfíńtà ni bàbá náà, àga ló ń kàn tà. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Alága Ẹ̀ẹ̀mejì: alága nítorí ipò, alága nítorí ọjà. Ó dìde lọ́jọ́ náà, ó kí àwọn àlejò, ó wúkọ́ bí ẹni ńlá, ó ní, "Agbègbè wa yìí, orí ìpìlẹ̀ tó dúró ṣinṣin ló jókòó lé." Òun náà wá jókòó. Àga tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn ké gbàà, ẹsẹ̀ méjì yà sọ́tùn-ún, méjì yà sósì, alága sì balẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì.

Akọ̀wé dijú, ó ń retí kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Àfi bí ohùn ṣe jáde láti abẹ́ tábìlì:

"Ẹ̀yin àlejò wa, ṣé ẹ rí i? Irú ìṣó tí à ń rà níbí nìyẹn. Ẹ tètè wá kọ́ ilé-iṣẹ́ yín kó tó pa mí."

Obìnrin awò rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò rẹ̀ nu ojú. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn àlejò ti ní àwọn á wá, bí wọ́n bá lè bá àwọn tún ọ̀nà tó ti ibùdókọ̀ ojú irin wọlé ṣe, kí ọkọ̀ ẹrù lè máa gbà á. Nígbà tí wọ́n lọ tán, akọ̀wé súnmọ́ ọ̀gá rẹ̀.

"Sà, ìṣó yẹn kọ́ ló burú o. Igi yẹn ni ò tíì gbẹ."

"Mo mọ̀," ni alága wí, ó ń ra ìdí. "Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ fún pé kó wá kọ́ ilé-iṣẹ́ igi gbígbẹ?"

Kò fi ìgbà kankan pe ara rẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá bi í bó ṣe dé ipò, á ní wọn ò dìbò yan òun, òun kàn jáde lọ tọ̀ nínú ìpàdé ni. Kí òun tó padà dé, wọ́n ti fi òun jẹ alága nítorí òun nìkan ni ò sí níbẹ̀ láti kọ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ipò," á sọ fún àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò, "ẹ máa mu omi dáadáa."

Lọ́jọ́ tí akọ̀wé kọ́kọ́ dé iṣẹ́, ó bi í pé kí gan-an ni ẹgbẹ́ ń ṣe.

"À ń ṣèpàdé."

"Lẹ́yìn ìpàdé ńkọ́, sà?"

"À ń dá ọjọ́ ìpàdé mìíràn."

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ló wá fún wọn níṣẹ́. Wọ́n lọ bá ẹnjiníà tó ń mójú tó ọ̀nà ní ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n dúró lórí ìdúró títí, nítorí kò sí àga kan ṣoṣo níbi tí àlejò ti ń dúró. Wọ́n ní ọ̀gá ò ráyè. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, alága kó àga kún ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó já wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì ìjọba.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?" ni ẹ̀ṣọ́ bi í.

"A fẹ́ jókòó ni."

Ó wá pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Aránṣọ dé tòun ti máṣíìnì rẹ̀, nítorí iṣẹ́ oníbàárà kì í dúró. Onígbàjámọ̀ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gẹ irun fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì gbígbóná wá. Akọ̀wé jókòó sí kọ̀rọ̀, ó fi báàgì bojú kí ẹnikẹ́ni láti báńkì má bàa rí i. Nígbà tó yá, ebi pa á, ó sọ báàgì kalẹ̀, ó ra búrẹ́dì. Ìgbà náà gan-an ni ẹnjiníà ṣílẹ̀kùn.

"Kí lẹ sọ ọ́fíìsì mi dà?"

Alága yọ fìlà. "Ọrọ̀ ajé ni, sà. Ibikíbi téèyàn bá ti ráyè jókòó ló ti ń hù."

Ẹnjiníà gbà láti wá wo ọ̀nà. Ọkọ̀ akẹ́rù alága ni wọ́n wọ̀, òun, akọ̀wé àti ẹnjiníà há síwájú. Kòtò kan gbé wọn sókè, ó jù wọ́n sílẹ̀, eyín àtọwọ́dá alága sì fò gba ojú fèrèsé jáde. Kí ni wọn ì bá ṣe? Ẹnjiníà ká ṣòkòtò sókè, akọ̀wé bọ́ bàtà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá eyín láti inú kòtò dé inú kòtò. Nígbà tí wọ́n máa fi rí i, kò sí kòtò kan lójú ọ̀nà yẹn tí ẹnjiníà ò tíì ki ọwọ́ bọ̀. Kò pẹ́ tí katakata fi dé láti tún ọ̀nà ṣe.

"Sà," ni akọ̀wé bi í, "ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ tu eyín yẹn dànù ni?"

"Ìwọ náà rò pé mo gbọ́n tó bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ fẹ́ dojú rú. Ó ku díẹ̀ kí àwọn onílé-iṣẹ́ padà wá tọwọ́ bọ̀wé, ni oníṣòwò sìmẹ́ńtì, tó lówó jù láàárín wọn, dìde nínú ìpàdé. Ó ní kí wọ́n yọ àwọn onígbàjámọ̀ àti aránṣọ kúrò kí wọ́n má bàa tàbùkù ẹgbẹ́ lójú àlejò. Bí wọn ò bá yọ wọ́n, òun àti àwọn ẹni ńlá yòókù á dá tiwọn sílẹ̀. Aránṣọ tẹrí ba. Akọ̀wé mọ̀ pé bí ẹgbẹ́ bá pín sí méjì, ilé-iṣẹ́ ìṣó á gba ibòmíràn lọ. Ojú tì í sí i, nítorí ohun tí ọkùnrin náà sọ lẹ́nu, òun náà ti rò ó nínú rí.

Alága ò bínú. "Ọ̀rẹ́ mi, òótọ́ lo sọ. Ẹni tó ń tàbùkù ẹgbẹ́ ló yẹ ká lé. Nínú gbogbo wa, ta ló ti ṣubú lójú àlejò rí?"

Ó dé fìlà rẹ̀, ó dìde.

"Ó yá, ẹ lé mi. Èmi àti aránṣọ á jọ jáde, a ó sì máa kí yín lọ́nà."

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé tẹ̀ lé e. Oníṣòwò sìmẹ́ńtì gbìyànjú láti fajú ro, kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Ilé-iṣẹ́ dé. Lónìí, ọmọ aránṣọ méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, sìmẹ́ńtì ọkùnrin náà ni wọ́n sì fi kọ́ ọ.

Àìsàn ránpẹ́ ló mú alága lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ lọ kí ìyàwó rẹ̀, pálọ̀ kún, àwọn tó wá báni kẹ́dùn sì ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Akọ̀wé nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín. Ìyá náà fọwọ́ tọ́ ọ léjìká, ó mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí pákó fara ti ògiri.

"Ibí ló ti máa ń dúró láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé," ni ìyá wí. "Kì í lè jẹun. Ẹ̀rù á máa bà á. Á wá máa bá pákó sọ̀rọ̀."

"Bàbá? Ẹ̀rù?"

"Ó ní pákó jọ yín, ẹ kì í tètè dáhùn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu akọ̀wé kó tó mọ̀. "Kí ni wọ́n ń bá pákó sọ, Màmá?"

"Orúkọ yín ni. Ó ń há a sórí: lágbájá, iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá. Ó ní bí òun bá gbàgbé ẹnì kan, onítọ̀hún á rò pé òun kéré. Ti ìwọ ló máa ń sọ kẹ́yìn. Á ní, 'Akọ̀wé mi: bó bá ti dijú, mo ti ṣì í sọ nìyẹn.'"

Gbogbo ọdún tí akọ̀wé fi rò pé kò sẹ́ni tó ń rí òun nígbà tí òun bá dijú nítorí ìtìjú! Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà gba àárín ìka rẹ̀. Láti inú pálọ̀, ẹ̀rín mìíràn tún bú jáde. Ìyá fi etí ìró nu ojú ara rẹ̀, ó sì nu ti akọ̀wé.

"Jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ wọn, ọmọ mi. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán láìsí àwa méjèèjì níbẹ̀, kò ní dùn mọ́ Bàbá nínú."