Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Ògbufọ̀ fún Bàbá Mi

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, mi kì í lè lọ aṣọ ìbùsùn kan tán kí n má yọjú sẹ́nu ọ̀nà láti wo àwọn tó ń wọlé. Ọ̀gá wa obìnrin bá mi wí títí ó fi sú u. Kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ. Ara mi ni kì í gbà mí kí n dúró. Láti ìdí tábìlì ìlọṣọ, mo máa ń gbọ́ ohùn ọmọbìnrin tó ń gba àlejò níwájú, bó ṣe ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi wọ́n bí ọ̀nà ti rí, tí òun àtàwọn jọ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà á máa tún un sọ wúyẹ́wúyẹ́, áyọ́ọ̀nù á sì máa gbóná lórí aṣọ. Báyẹn ni mo ṣe jó aṣọ funfun mélòó kan.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, láti ìhà Ìjẹ̀bú-Imúṣin. Bàbá mi ń gbin ẹ̀gẹ́, ìyá mi ń fi í din gàrí. Mo parí ìwé girama, ṣùgbọ́n mo fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nílé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ló máa ń gbìyànjú, òun náà sì ti lọ. Ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan bí ẹni ń lọ sóko. Ìgbà tá a máa gbóhùn rẹ̀, orí fóònù ni, ó ti dé ilẹ̀ àjèjì. Ó ń pè wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí dòní. Bàbá mi máa ń gba fóònù náà, á bi í bóyá ó ti jẹun, á sì gbé e fún ìyá mi.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí n di ẹni tó ń mú àlejò rìn, tó ń fi ilẹ̀ wa hàn wọ́n, kí n sì tibẹ̀ dé ibòmíràn. Tẹ́nì kan bá bi mí pé ibòmíràn wo, mi ò ní lè dáhùn. Mo ṣáà mọ̀ pé tí ọkọ̀ bá ń lọ ní títì, ọkàn mi ń bá a lọ.

Ọ̀gá wa ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Bóyá ó rò pé ìyẹn ló máa jẹ́ kí n yé jó aṣọ. Nínú pálọ̀ ìyá yìí ni mo ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn iṣẹ́. Lẹ́tà tó dà bí àga ni wàhálà mi, ìyẹn h. Níbi tó yẹ kó wà, mi kì í pè é. Tí mo bá wá fẹ́ sọ ẹyin lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí kò ní h rárá, èémí á bá a jáde bí ẹni tó ń fẹ́ná. Màmá, bí mo ṣe ń pe tíṣà náà, ní kí n gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu mi, kí n máa fi mọ ìgbà tí èémí bá jáde. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn èèyàn ń wò mí.

Ṣùgbọ́n mo ń kánjú. Orúkọ ohun èlò ilé ìdáná la ṣì ń kọ́, èmi ń béèrè bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Nígbà tó yá, mo lọ kọ́ odindi ọ̀rọ̀ kan sórí láti inú fóònù, nípa Erédò, yàrà jíjìn tí àwọn ará ìgbàanì gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Mo dìde dúró ní pálọ̀, mo kà á láìmí. Màmá gbọ́ ọ tán, ó béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì pé èmi fúnra mi ńkọ́, kí ni mo ti rí níbẹ̀ rí. Ẹ̀gbẹ́ yàrà yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ohun tí mo kọ́ sórí náà ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Inú bí mi, mi ò lọ mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo wá ń lọ sí Ìjagun tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní yunifásítì níbẹ̀. Màá jókòó síbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ̀rọ̀, màá máa gbọ́ wọn. Nígbà tó sú mi, mo padà sọ́dọ̀ Màmá. Kò bi mí níbi tí mo lọ. Ó kàn fi ẹsẹ̀ ti àga sọ́dọ̀ mi.

Lẹ́yìn náà ni tọkọtaya kan dé sí hòtẹ́ẹ̀lì wa láti Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ rí Erédò. Ọkùnrin tó máa ń mú àlejò lọ ò lè wá, ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Ọ̀gá wa béèrè lọ́wọ́ gbogbo wa bóyá ẹnì kan mọ̀nà. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ mi.

Mo mú wọn lọ sí apá ibi tí mo mọ̀, tó bá oko bàbá mi pààlà. Mo ka ohun tí mo kọ́ sórí, wọ́n mi orí, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Ìgbà náà ni bàbá mi jáde láti àárín ẹ̀gẹ́, pẹ̀lú bàtà òjò àti àdá. Mi ò tíì sọ fún un pé mò ń bọ̀. Ó kí wọn lédè Ìjẹ̀bú. Obìnrin náà bẹ̀ mí pé kí n bá òun bi í ní ọ̀rọ̀ díẹ̀.

Àwọn ìbéèrè àkọ́kọ́ ò le. Kí ló ń gbìn? Ṣé yàrà náà kì í gba omi? Mò ń gbé e lọ, mò ń gbé e bọ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá èmi ni màá gba oko náà lọ́jọ́ iwájú. Bàbá mi fi àdá rẹ̀ gúnlẹ̀. Kò wo obìnrin náà, èmi ló ń wò.

“Sọ fún wọn pé ọmọ yìí ò lè jókòó sójú kan,” ó ní. “Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn kó tó lọ. Èyí náà máa lọ, mo mọ̀. Mi ò ní kó má lọ. Kó ṣáà sọ fún mi. Kí n má tún máa dúró lóko de ẹni tí kò ní wá.”

Kò tíì sọ irú ẹ̀ fún mi rí. Obìnrin náà ń retí. Mo lè sọ pé ó ní bẹ́ẹ̀ ni, oko náà á jẹ́ tèmi. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀, Bàbá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn yẹn ò gbọ́ Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n ó ti ní kí n sọ ọ́. Mo la ẹnu, mo sì sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì mi ò pé, mo sọ ti ẹ̀gbọ́n mi bíi pé ìsinsìnyí ló ń lọ. Ọkọ obìnrin náà ṣí fìlà rẹ̀, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Obìnrin náà fa ọwọ́ mi sọ́dọ̀, ó rọra béèrè nǹkan kan.

Bàbá mi ní, “Kí ló wí?”

“Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn.”

“Kí lo wá fẹ́ fi dá mi lóhùn?”

“Màá sọ fún yín, Bàbá.”

Ó ní ó dáa. Ó gé igi kan, ó ṣán ẹ̀ka ara rẹ̀ dànù, ó fi í fún obìnrin náà kó lè rí nǹkan fi tẹlẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú yàrà.

Mo ròyìn rẹ̀ fún Màmá. Lẹ́yìn náà ló ní kí n tún ti ẹ̀gbọ́n mi sọ, kí n fi hàn pé ó ti lọ. Mo tún un sọ títí ó fi gún. Mo padà lọ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì náà, mo yege. Kó tó di ìgbà yẹn, wọ́n ti gbé mi kúrò ní yàrá ìfọṣọ lọ síwájú, mo ti ń gba àlejò.

Lọ́dún tó kọjá, ibi ìgbafẹ́ kan létí òkun fún mi níṣẹ́. Mo lọ sí Imúṣin lọ́sàn-án, mo bá Bàbá níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ìyá mi, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Ìyá mi sunkún díẹ̀. Bàbá béèrè bóyá omi yẹn máa ń kún wọlé. Nígbà tó yá, ó ní kí n kọ́ òun ní ohun tí òun máa sọ tí àlejò bá yà sóko tí mi ò bá sí nítòsí. A jókòó ti ẹ̀gẹ́ náà, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ń sọ ọ́ ṣáá, ìyá mi ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ibi tí mo wà báyìí, àwọn àlejò láti Kútọnu àti Lómé pọ̀ níbẹ̀. Faransé ni wọ́n ń bá ara wọn sọ lórí tábìlì. Mo máa ń dúró sẹ́yìn wọn pẹ̀lú àwo lọ́wọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, mò ń tẹ́tí. Mo ti ń wá ẹni tó máa kọ́ mi.