Sẹ́ńsọ̀ Mẹ́ta àti Ihò Kan Ṣoṣo

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo kà á dé ibi tí mo ti lè mọ̀ bí èèyàn bá ń rẹ́ mi jẹ. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Gáàsì ìdáná ni mò ń tà ní Aradagun, lẹ́bàá títì tó lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Mọ́tò tòkunbọ̀ mi ló ń bá mi kó sìlíńdà lọ fún àwọn oníbúrẹ́dì àtàwọn olóúnjẹ. Ó ti dàgbà. Bó bá jẹ́ èèyàn ni, ì bá ti máa gba àwọn ìyàwó ilé nímọ̀ràn tí wọn ò bi í. Ṣùgbọ́n láìsí i, ọjà mi ti dúró nìyẹn, àbí orí ọ̀kadà ni kí n máa gbé gáàsì kọ́ bí ẹrù iṣu?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná kékeré kan tàn níwájú mi bí mo ṣe ń wa mọ́tò lọ, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, wọ́n ya ẹ́ńjìnnì sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ sí mu epo bí àlejò ìsìnkú ṣe ń mu ọtí.

Mẹkáníìkì mi, ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ máa ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú rẹ̀, gbọ́ ẹjọ́ mi tán. Ó mú téèpù dúdú, ó lẹ̀ ẹ́ bo iná náà.

“Ìyá gáàsì, ó ti parí.”

“Ó parí báwo?”

“Ṣé ẹ ṣì ń rí i ni?”

N ò rí i mọ́ lóòótọ́. Ẹni tó bá dijú náà kì í rí olè.

Nígbà tí mo ṣí téèpù náà, tí mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láyà, ó ránṣẹ́ pe oníkọ̀ǹpútà kan, tó ní Kùtọnu lòun ti kọ́ṣẹ́. Ẹ̀wù ọkùnrin náà mọ́ tónítóní. Ẹ bá mi ṣọ́ra fún ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe tí ẹ̀wù rẹ̀ ń mọ́. Ó ki nǹkan kan bíi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n sábẹ́ sítíárìn, ó tẹ̀ ẹ́ síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó wá mi orí bíi dókítà tó fẹ́ ní ká lọ pe ẹbí wá.

“Màdáàmù, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn yín ti kú.”

Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀. Nǹkan kékeré kan ni, ara páìpù sàlẹ́ńsà ló ń gbé, èéfín ló ń tọ́ wò. Òun ló ń sọ fún ẹ́ńjìnnì bóyá epo ló pọ̀ tàbí atẹ́gùn. Tèmi ń pariwo pé atẹ́gùn pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì sì ń da epo sí i láìdúró. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi òmíràn sí i. Iná kú fún ọjọ́ mẹ́rin.

Nígbà tó padà wá, wọ́n ní ayédèrú ni ti àkọ́kọ́. Wọ́n fi èkejì sí i. Nígbà tó tún padà, wọ́n ní irú tiwa níbí ò lè dáa láé, wọ́n lọ mú ẹ̀kẹta wá láti Kùtọnu, wọ́n fi ọ̀rá wé e bí ẹyin. Òun náà ò lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Nọ́ńbà kan náà tó ń dárúkọ àìsàn mọ́tò ni kọ̀ǹpútà wọn ń gbé wá, mo ti há a sórí ju nọ́ńbà fóònù ọkọ mi lọ.

Mo wá bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin ọ̀gá, sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta tí mo rà, tí wọn ò mọra wọn rí, ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Bí atẹ́gùn bá pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́?”

Wọ́n wojú ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyá gáàsì, ẹ mójú tó gáàsì yín,” ni mẹkáníìkì wí. “Ẹ́ńjìnnì yìí ló ti rẹ̀. Ẹ tà á kó tó kú mọ́ yín lọ́wọ́. Àna mi kan wà ní Sẹ̀mẹ̀ tó lè gbé e bẹ́ẹ̀.”

Èmi tí gbogbo àdúgbò ń sá fún ẹnu mi, mo gbà.

Ní àárọ̀ tí àna ń bọ̀ wá gbé mọ́tò, mo wà nídìí iṣẹ́ mi. Sìlíńdà tí mo bá rọ gáàsì sí, n kì í jẹ́ kó kúrò níwájú mi láìfi kànìnkàn pa ìfófó ọṣẹ yí ọrùn rẹ̀ ká. Bí ọṣẹ bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Bí mo ṣe di kànìnkàn mú báyìí ni ojú mi lọ sára mọ́tò. Ìtìjú mú mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi ọṣẹ wá ibi tí nǹkan ti ń jò, mo wá ń ra sẹ́ńsọ̀ bí ẹni ń ra gúgúrú!

Ọ̀kadà já àna sílẹ̀, ó sì yípadà lọ. Ó wọ aṣọ funfun, ó wọ bàtà funfun. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi ọṣẹ pa páìpù láti ìdí ẹ́ńjìnnì dé ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà, mo fi àkísà tútù dí ẹnu sàlẹ́ńsà lẹ́yìn, kí èéfín lè wá ibòmíràn gbà jáde.

“Ẹ wọlé, ẹ bá mi ṣáná sí i,” ni mo wí, “kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún.”

Inú rẹ̀ dùn. Ó ti ń yí dígí sí ojú ara rẹ̀ kó tó ṣáná. Mo sáré padà síwájú. Lókè sẹ́ńsọ̀ díẹ̀, níbi oríkèé páìpù, ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí wú, ó ń hó bí ẹ̀kọ orí iná. Iyọ̀ òkun tó ń jẹ páànù orí ilé gbogbo wa ló dá ihò síbẹ̀. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, tí sẹ́ńsọ̀ sì ń ké. Mẹ́ta la yọ dànù torí pé wọ́n sọ òótọ́.

Mo ní kó pa á, mo yọ àkísà.

“Kí lẹ rí?”

“N ò tà mọ́.”

“Ìyáàfin, a ti fẹnu kò!”

“Ẹnu la fi kò. Ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ mi wá.”

Ó bọ́ sílẹ̀, ó pe mẹkáníìkì lórí fóònù. Ègùn ló sọ, kò mọ̀ pé Ègùn ni ìyá tó bí mi. Ó ní, “Obìnrin yìí ti rí ihò yẹn o.”

Ihò wo? N ò tí ì dárúkọ ihò fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Láti bí oṣù kan ni mo ti ń pè wọ́n ní òmùgọ̀ nínú ọkàn mi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo òmùgọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo fi Ègùn sọ fún un pé kó wọlé, ọ̀dọ̀ wẹ́dà tó ń jó irin ní Imeke ni mò ń lọ, màá já a sí ibi tó ti lè rí ọ̀kadà. Ojú rẹ̀ ò gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀kadà kankan ò sí nítòsí. Ó jókòó, ó kó ẹsẹ̀ aṣọ funfun rẹ̀ jọ láàárín sìlíńdà méjì.

“Iná yẹn ṣì ń tàn o,” ló wí, bí ẹni tó ṣì ń ná ọjà.

“Ẹ jẹ́ kó tàn. Nínú gbogbo yín, òun nìkan ni kò purọ́ fún mi.”

Mo já a sílẹ̀ níbi tí àwọn ọlọ́kadà wà. Wẹ́dà dí ihò náà kí n tó jẹ àkàrà mi tán. Ní ọjọ́ kẹta, iná náà kú fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà, sìlíńdà mẹ́sàn-án sì wà lẹ́yìn mi tí mò ń gbé lọ fún oníbúrẹ́dì.