Òru Tí Mo Sùn Ti Kámẹ́rà Bàámi

Ní Lálúpọn, nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, bí ẹ bá ti ń gbọ́ òórùn gàrí yíyan, ẹ ti fẹ́ dé ilé wa nìyẹn. Ìyá mi ló ń yan gàrí. Bàámi ni gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Fọ́tò. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, aṣọ òwú ni wọ́n fi ń wé e bí ọmọ tuntun, ọmọ tó bá sì fi ọwọ́ dídọ̀tí kàn án, pàṣán ló máa bá a sọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa ń gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé tẹ̀ lé wọn lọ sóde, fáàrí mi á sì ju ti ẹni tó ń ya fọ́tò lọ.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ìjọ Aládùúrà tí à ń lọ kọ́ ilé àdúrà tuntun. Wòlíì wa ní kí Bàámi ya ilé náà lóru àìsùn, kí àbẹ́là ojú fèrèsé lè hàn. Òjò ti dá, ọyẹ́ ò tíì dé, òṣùpá ò sí, iná ìjọba sì ti lọ láti ọjọ́ mẹ́ta. Bàámi gbé kámẹ́rà sí ìta gbangba, wọ́n ní nítorí òkùnkùn, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí fúngbà díẹ̀. Wọ́n tẹ orí okùn tínrín kan tó ń ṣí ojú rẹ̀, wọ́n dè é kí ojú náà má baà pa dé. “Ka ení, èjì, títí dé ọgọ́rùn-ún, kí o wá tú u.” Wọ́n wọlé lọ gbàdúrà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí òǹkà wa ṣe rí. Nígbà tí mo fi máa dé márùndínlógójì, oorun ti ń kùn mí. Mo rántí ogójì, n ò rántí ohun tó tẹ̀ lé e. Àkùkọ ló jí mi. Mo sáré tú okùn náà, kò sì pẹ́ tí Bàámi jáde, tí wọ́n bi mí bóyá mo kà á pé. Mo ní mo kà á pé. Àkàrà gbígbóná tí wọ́n pín fún àwa ọmọdé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo fi tèmi fún ọmọ mìíràn.

Fọ́tò náà ló kẹ́yìn nínú fíìmù. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán n'Ìbàdàn, gbogbo èyí tó ṣáájú mọ́ rekete. Ti ilé àdúrà nìkan ló yàtọ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kún ojú ọ̀run, wọ́n tẹ̀ kọrọdọ lórí òrùlé, ọ̀kan nínú ọ̀kan, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ ha á. Bàámi ní nǹkan ti ha ojú kámẹ́rà lóru yẹn. Wọ́n nù ún títí, wọn ò rí ojú ibi tó ha. Wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó kan láti Erunmu tó ti bẹ̀ wọ́n fún Sátidé lọ wá ẹlòmíràn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ìyá mi pé bí kámẹ́rà yẹn bá bàjẹ́, oko ni àwọn ń padà sí. Àánú wọn ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù pàṣán bà mí ju àánú lọ.

Wòlíì wa, èèyàn jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn Bàámi gan-an, ní àmì ni àwọn ìlà yẹn, kí Bàámi gbé kámẹ́rà wá lọ́jọ́ Ẹtì, kí àwọn ta òróró sí i lójú. Bàámi, tí kì í jẹ́ kí ìrì sẹ̀ sí i, gbà. Ọjọ́ Ẹtì pé. Wòlíì gbàdúrà, wọ́n dorí ìgò kodò, mo sì rí òróró tó ń rọra bọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

“Bàámi, mo sùn ni! N ò ka ọgọ́rùn-ún pé. Àkùkọ ló jí mi.”

Wòlíì gbé ìgò sókè. Kọ́pà kan tó ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì, tó tún ń bá wa jọ́sìn, gba fọ́tò náà, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. “Kámẹ́rà yín ò ṣe nǹkan kan, sà. Ìràwọ̀ ni gbogbo ìlà wọ̀nyí.” Ó ní ayé tí a dúró lé ló ń yí, àwa la rò pé ìràwọ̀ ló ń rìn, bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ Ìbàdàn ṣe ń rò pé igi ló ń sá sẹ́yìn. Bí ojú kámẹ́rà bá ṣí díẹ̀, ìràwọ̀ á dúró sójú kan. Bó bá ṣí fún wákàtí mélòó kan, gbogbo ibi tí ìràwọ̀ gbà ló máa wà nínú fọ́tò. Ilé àdúrà ò ní ìlà nítorí pé òun àti kámẹ́rà ni ayé jọ ń gbé yí.

Bàámi jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n wá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wòlíì dé ìgò wọn, wọ́n ní àdúrà ti gbà kí òróró tó débẹ̀. Èmi ò bọ́ lọ́wọ́ ìyà ṣá. Mo kúnlẹ̀, mo gbọ́wọ́ sókè, mo ka ọgọ́rùn-ún ketekete; bí mo bá ṣì í, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara tù mí lórí ìkúnlẹ̀ yẹn ju bó ṣe tù mí lórí ẹní láti ìgbà tí mo ti purọ́.

Lónìí, iná ṣọ́ọ̀bù ti gba ojú ọ̀run Lálúpọn, àfi kéèyàn rìn dé oko kó tó rí ìràwọ̀ tó pọ̀. Fóònù ọmọ mi ń ya ìlà ìràwọ̀, kò ní kí ẹnikẹ́ni ka nǹkan kan. Bí fọ́tò bá wọ́, ìka kan ló fi ń pa á rẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nígbà tiwa, ohun tó bá ti wọ fíìmù ti wọ̀ ọ́, ẹnu ẹni nìkan ló kù tí a lè fi tún un ṣe. Bàámi ti darúgbó, wọ́n sì ti fún mi ní kámẹ́rà náà. Mo máa ń tú aṣọ òwú, kí n yẹ ojú rẹ̀ wò. Kò sí òróró níbẹ̀.