Ìwé Abẹ́rẹ́ Ọmọ Ẹlòmíràn Ni Mo Mú Lọ Sílé Ìwé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ fún mi lónìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo fẹ́ sọ, àbí kí n kúkú sọ pé ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé màá sọ ọ́, ojú ló ń tì mí. Ó ṣì ń tì mí báyìí tí ọmọ-ọmọ mi ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù.

Ayé ìjọba ológun àwọn kámárádì ni, lọ́dọ̀ wa níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé agbègbè Ifangni máa ń tò láàárọ̀, tí ẹnì kan á pariwo “Ehúzù!”, ìyẹn “ayé ti yí padà!”, tí gbogbo wọn á dáhùn “Dandan!” Ọmọ mi obìnrin, Ràmátù, ti tó ẹni tó ń lọ sílé ìwé. Inú mi dùn! Èmi fúnra mi kò mọ ìwé. Mo ti rán aṣọ kákí rẹ̀, mo ti ra síléètì.

Bọ́n, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ni àṣẹ bá dé láti òkè pé ọmọ tí kò bá ní káànẹ́, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára sí, kò gbọdọ̀ wọ ilé ìwé. Dírẹ́tọ̀, ìyẹn ọ̀gá ilé ìwé wa, kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀.

Ràmátù kò ní. Kí ló fà á? Kí n má parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi kò dí mi lọ́wọ́. Kò sí àlùfáà kankan tó sọ pé abẹ́rẹ́ kò dára. Epo pupa ni mò ń tà nígbà náà. Lagbé ni mo ti ń rà á, mo ń gbé e lọ sọ́jà Ìgòlò. Gbogbo ìgbà tí àwọn alábẹ́rẹ́ bá wá, ọjà ló máa ń wà lọ́kàn mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo pọ̀n ọ́n lọ. Ìlà gùn, oòrùn mú, mo bá yí padà. Mo ní màá padà wá. Ẹ̀yin náà mọ irú “màá padà wá” yẹn!

Nínú agboolé wa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ìyálé mi. Ìyá Sàká là ń pè wọ́n. Àwọn náà bí Ràmátù kan lóṣù tí mo bí tèmi, torí orúkọ ìyá àgbà ilé wa ni wọ́n fi sọ àwọn ọmọ méjèèjì. Orúkọ kan, orúkọ ilé kan. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá tó bí Ìyá Sàká ní Banigbé ni Ràmátù tiwọn ń gbé, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé.

Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ, àbí?

Mo lọ bá wọn. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n yá mi ní káànẹ́ Ràmátù wọn, pé mo fẹ́ fi han ọkọ mi kó lè rí bí ó ṣe rí, kó lè gbà kí n gbé tèmi lọ. Irọ́ gbuu! Wọ́n yọ ọ́ láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n tò sínú àpótí, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Ìyàwó, má jẹ́ kí omi kàn án o.”

Lọ́jọ́ kejì, dírẹ́tọ̀ wo orúkọ, ó wo òǹtẹ̀, ó kọ orúkọ ọmọ mi sínú ìwé ńlá. Ó parí. Mo ní orí mi pé! Ìyálé mi béèrè káànẹ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ó wà nínú àpótí mi, pé màá mú un wá.

Kò pẹ́, èéyi dé Daagbé, ìlú wa. Ẹ mọ èéyi: ara á gbóná, ojú á pọ́n, ara á sú láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn alábẹ́rẹ́ sáré wá sí ilé ìwé, wọ́n ní kí àwa ìyá mú káànẹ́ wá. Oògùn tí wọ́n gbé wá kò pọ̀. Nítorí náà, ọmọ tí káànẹ́ rẹ̀ bá fi hàn pé ó ti gbà á, kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó kan ọmọ mi. Ọkùnrin náà wo ìwé ọwọ́ mi, ó ní, “Sé bọ́n, ó ti dáa. Eléyìí ti gbà.” Ràmátù fò sókè pé òun bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́.

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀, mo ń fojú rí i! Ṣùgbọ́n dírẹ́tọ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi, àwọn ìyá yòókù sì wà lẹ́yìn mi. Kí ni wọ́n máa pè mí? Mo pa ẹnu dé. Mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, a kúrò.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, ara Ràmátù gbóná. Ikọ́, ojú pípọ́n, ara sú. Kí àwa tó mọ ohun tó ń ṣe é, ó ti ń pọ̀n Kàrímù kiri inú ilé. Kàrímù ni àbíkẹ́yìn ìyálé mi, ọmọ oṣù mẹ́fà, kò tíì tó gba abẹ́rẹ́ èéyi. Ọmọ tí Ràmátù fẹ́ràn jù lọ láyé nìyẹn. Ara Ràmátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ nígbà tí ti Kàrímù bẹ̀rẹ̀.

Èmi àti ìyálé mi la jọ gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Dókítà (gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ funfun là ń pè ní dókítà) béèrè káànẹ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo yọ ọ́.

Ó kà á. Ó ní ó yà òun lẹ́nu, pé ọmọ yìí ti gba abẹ́rẹ́ èéyi láti kékeré. Ó tún wo ìwé náà, ó ka orúkọ ìyá ọmọ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí.

“Ìwọ ni Asíátà?”

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn ìyálé mi.

“Èmi ni Asíátà.”

Ẹ gbà mí! Ìyálé mi wo káànẹ́ náà, wọ́n wo èmi, wọ́n wo Kàrímù tí kò lè la ojú rẹ̀. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn ní, “Dókítà, ẹ tọ́jú àwọn ọmọ ná.”

Ràmátù yè. Kàrímù náà yè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún rẹ̀ funfun, kò sì fi ríran mọ́ títí dòní.

Mo kúnlẹ̀ fún ìyálé mi. Wọ́n ní kí n dìde, pé ìkúnlẹ̀ mi kò lè la ojú ọmọ àwọn. Wọ́n ní, “Bí o bá sọ fún mi ni, Ìyàwó, èmi ni ǹ bá bá ọ tò sórí ìlà.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìgbájú lọ.

Mo lọ bá dírẹ́tọ̀. Ó pe àwọn ìyá jọ, mo sì jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Àwọn kan pòṣé, àwọn kan ní ọ̀daràn ni mí. Nígbà tí wọ́n tú ká, obìnrin mẹ́ta yọ́ lọ bá dírẹ́tọ̀, káànẹ́ tí kì í ṣe ti ọmọ wọn wà lọ́wọ́ wọn.

Ìyálé mi ti di olóògbé. Kí wọ́n tó lọ, a ti ń jẹun pọ̀, a ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò yá mi ní nǹkankan mọ́.

Kàrímù di télọ̀, ó ti bímọ. Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí n má kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí nínú. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gbé ojú kúrò lórí aṣọ tó ń rán.

Ó ní, “Ìyá, mo ti mọ̀ láti kékeré. Ìyá mi sọ fún mi. Wọ́n ní kí n má ṣe jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo mọ̀, kí ẹ má baà máa sá fún mi.”

Mo sunkún bí ọmọdé.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: ìwé kì í gba abẹ́rẹ́, ara ọmọ ló ń gbà á. Mo tan dírẹ́tọ̀, mo tan alábẹ́rẹ́, n kò lè tan àìsàn. Bí ìtìjú bá sì fẹ́ dí yín lẹ́nu, ẹ sọ̀rọ̀ nígbà tí oògùn ṣì wà nílẹ̀!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹ ti dákẹ́ rí níbi tó yẹ kí ẹ ti sọ̀rọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Èmi kò ní lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.