Aago Tí Kì í Ṣiṣẹ́ Nílé Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí aago ọwọ́ kan fojú mi rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, ojú ló ń tì mí. Àmọ́ mo rò ó pé kò lè jẹ́ èmi nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí dáadáa, ọmọ Ilare ni mí níbí ní Ilé-Ifẹ̀, àmọ́ àdúgbò Mayfair ni mò ń gbé. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì ni pé mò ń tọ́jú ilé ẹrù ìjọba. Níbẹ̀, nǹkan kan kò gbọdọ̀ dín, nǹkan kan kò sì gbọdọ̀ lé. Ó ti wọ̀ mí lára. Bí ẹnikẹ́ni bá sún àga díẹ̀ nínú pálọ̀ mi, mo máa mọ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sún un? Ìyàwó mi, Ìyá Ìbùkún, ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa. Ìbùkún fúnra rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, ti di nọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó. Ó ku èmi pẹ̀lú àwọn àga.

Ìbùkún yìí ló ra aago náà, ó fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Nígbà tí mo ṣí páálí rẹ̀, ńṣe ni mo yára pa á dé padà! Irin rẹ̀ ń dán gbinrin. Ojú rẹ̀ búlúù bí ojú ọ̀run nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe irin rárá, gíláàsì ni. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹ máa rí gbogbo ikùn rẹ̀: àwọn kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ eléyín tí eyín ọ̀kan wọnú eyín èkejì, àwọn òkúta pupa tó kéré bí ojú ẹyẹ, àti kẹ̀kẹ́ kan tó ń lọ tó ń bọ̀ bí àyà ẹni tó ń mí.

Nígbà tí mo pe Ìbùkún, ó ní àwọn tó ṣe é kì í ṣe púpọ̀ jáde, pé àwọn tó ń kó irú aago bẹ́ẹ̀ jọ máa ń forúkọ sílẹ̀ dè é ni. Mo bi í léèrè iye tó rà á. Ó ní kí n má bèèrè. Ó ní kò sí bátìrì nínú rẹ̀, pé kí n ṣáà ti máa wọ̀ ọ́.

Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa. Àṣìṣe ńlá! Bàbá Ṣọlá tí ilé wa kọjú síra ló kọ́kọ́ rí i.

“Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wo ọwọ́ Bàbá Ìbùkún! Ilé méjì ló so mọ́ ọrùn ọwọ́ yẹn! Bàbá Ìbùkún, ẹ rọra o. Àwọn ọlọ́kadà olè wọ̀nyẹn kò ní ní kẹ́ ẹ bọ́ ọ o, ọwọ́ ni wọ́n máa gé lọ!”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín mi kò kọjá eyín.

Ẹ mọ̀ mí, ọkàn mi kì í tètè balẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti wọ̀ ọ́ jáde mọ́. Ṣé kí n wá bọ́ ọ sílé kí n máa lọ? Tí olè bá fọ́lé ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ará inú ilé. Wọ́n pe ìpàdé, mo ní ara mi kò yá. Ilare tí mo máa ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìrìn ìrọ̀lẹ́ tí mo máa ń rìn gba ọ̀nà yunifásítì, mo pa á tì. Obìnrin olóúnjẹ tó wà nítòsí wa ń gbé oúnjẹ wá bá mi lẹ́nu géètì. Mo máa jókòó, mo máa gbé ọwọ́ òsì mi lé tìmùtìmù kí nǹkan má bàa ha irin yẹn, mo máa wá máa wo aago.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, aago ti dúró.

Mo gbé e, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò pẹ́, ó tún dúró. Mo di orí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń tún àkókò ṣe. Mo yí i díẹ̀, ó sì ta jáde bí ẹni pé ó ti já sí mi lọ́wọ́! Yéè! Mo tì í wọlé, mo yí i padà, mi ò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ìgbà tí mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ ni mo wá rí i. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó dà bí ìlàjì òṣùpá. Bí mo bá fi aago náà sọ́tùn-ún, á fì sọ́tùn-ún. Bí mo bá fi sósì, á fì sósì. Gbogbo ohun yòókù wà lójú kan, ṣùgbọ́n eléyìí kàn ń yí fìrìfìrì lórí wọn ni. Àyà mi já. Irin ti já nínú aago! Wọ́n ti lu ọmọ mi ní jìbìtì!

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ti aago ló ń dùn mí. Ọmọ tó ń fi òru ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tí kò mọ ìyá rẹ̀, tí kò mọ bàbá rẹ̀, tó fowó pa mọ́ nítorí mi, tí ẹnì kan wá fi ẹ̀rín ta ayédèrú fún un! Tó bá gbọ́, ta ló máa pàrọwà fún un lọ́hùn-ún? Mo pinnu pé kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Wáìdì tó ń tún aago ṣe ní Lágere. Mo fi áńkáṣíìfù wé e, mo kì í bọnú ìbọ̀sẹ̀, mo sì kì í sápò ṣòkòtò. Ọ̀kadà ni mo gùn. Ọ̀nà yẹn mì mí bí ìgbà tí wọ́n bá ń ku èlùbọ́. Ìgbà tí mo máa tú u lọ́dọ̀ Wáìdì, aago náà ti ń lọ!

Wáìdì gbé e sétí. “Dádì, aago yín ń lọ geerege nìyí.”

Mo ní kì í lọ nílé.

“Ó ń lọ níbí.”

“Mo ní kì í lọ nílé!”

“Àbí ilé yín ni kò fẹ́ràn ni, Dádì?”

Àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo fi irin tó ń fì hàn án. Ó họrí. Ó ní kí òun má parọ́, pé àwọn oníbátìrì ni òun mọ̀, òun kò sì ní ṣí ohun tí òun kò lè san. Ó ní ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé nǹkan ti já nínú rẹ̀ lóòótọ́, kí n má jẹ́ kó mì rárá, kó má bàa ba ìyókù jẹ́.

Ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn! Mo sì tẹ̀ lé e. Ìjókòó tí mo jókòó lẹ́yìn ìyẹn, ère kò lè jókòó bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, Ìbùkún pè mí lórí fídíò bó ṣe máa ń pè. Iná kò sí, ilẹ̀ ti ń ṣú, mo ti tan iná tọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí aago òun. Mo yára gbé e, mo fì í díẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ. Mo gbé e síwájú fóònù. Mo gbàgbé pé aago lè máa lọ kó má sì sọ òótọ́.

Ó wò ó títí. “Dádì, aago mẹ́ta ni mo rí lójú aago yín. Ṣé aago mẹ́ta ni ilẹ̀ ń ṣú ní Ifẹ̀ báyìí?”

Irọ́ wo ni mo tún fẹ́ pa? Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: orí tó ta jáde, irin tó já, Wáìdì. Mo ní kó má sunkún, pé Ọlọ́run á dá ẹni tó tà á lẹ́jọ́, pé mo fẹ́ràn aago náà bẹ́ẹ̀ bó tilẹ̀ ti kú.

Kò sunkún o. Ó ní kí n fi bí mo ṣe ń wọ̀ ọ́ han òun. Mo jókòó, mo gbé ọwọ́ lé tìmùtìmù. Ọmọ yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri!

“Dádì! Ẹ ti há aago mọ́lé bí ẹ ṣe máa ń há mi mọ́lé!”

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ìlàjì òṣùpá yẹn kò já. Wọ́n dìídì ṣe é kó máa fì ni. Bí ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ṣe ń mì ló ṣe ń fì, òun ló sì ń ká wáyà kan tó lọ́ bí ìgbín sínú aago náà. Wáyà yẹn ló máa ń tú díẹ̀díẹ̀ tí á máa ti àwọn kẹ̀kẹ́ yòókù. Ìrìn ẹni ni oúnjẹ rẹ̀. Tí ẹni náà bá jókòó sójú kan, á jẹ èyí tó wà nílẹ̀ tán, á sì dúró. Orí tó ta jáde yẹn náà, bí ìdérí ìgò ni, wọ́n ń yí i pa kí omi má bàa wọlé ni.

Inú mi dùn! Wọn ò lu ọmọ mi ní jìbìtì! Mo ń dúpẹ́, mo ń pàtẹ́wọ́, kí n tó rí i pé òun kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti sún mọ́ fóònù.

“Dádì, ìgbà wo lẹ jáde nílé gbẹ̀yìn?”

Mo ní mo lọ sọ́dọ̀ Wáìdì.

“Yàtọ̀ sí ìyẹn.”

Èmi tí nǹkan kan kì í dín lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́, ìka tán lọ́wọ́ mi.

Ní ọjọ́ kejì, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ilare. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú ilé. “Ta nìyẹn? Ṣé ìwọ ni, àbí òkú rẹ ló wá kí mi?” Ó fi mí ṣẹ̀sín dáadáa, ó sì fún mi lóúnjẹ. Kò tilẹ̀ wo ọwọ́ mi. Olè kankan kò sì gé e.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń jáde. Aago ń lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín: tí mo bá dé tí mo ti géètì, kò sẹ́ni tó ń sọ pé ẹ kú àbọ̀.

Ìgbà tó yá, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Mi ò lè jáde, aago sì dúró. Ọjọ́ Sọ́ńdè dé, fóònù ń dún. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń yí orí yẹn báyìí. Mo lè fi ká wáyà inú rẹ̀, kí n tún àkókò rẹ̀ ṣe, ta ló máa mọ̀? Ọwọ́ mi ti dé ibẹ̀. Mo tún gbé e kúrò. Nígbà tó ní kí n fi aago han òun, mo fi òkú rẹ̀ hàn án.

Mo rò pé ó máa bá mi wí. Rárá. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ òun ló wọ irú aago yẹn, ọsibítù nìkan ni á ti máa lọ, pé á dúró lọ́jọ́ tí òun ò bá lọ síbi iṣẹ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti kó débẹ̀, ẹni tó ń gbé ẹrù tí èèyàn rà wá sílé nìkan ló kan ilẹ̀kùn òun rí.

Ọmọ tó ti ń sọ fún mi ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè pé òun lọ́rẹ̀ẹ́, pé ara òun ti mọlé!

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi. Ó ní, “Ẹ máa ń dààmú jù, Dádì.”

Mo ní kó wọ bàtà. Mo ní kó jáde, kó lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí yàrá wọn kọjú síra, kó sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Èmi! Èmi tí mi ò jẹ́ kó ti ẹnu géètì kọjá nígbà tó wà lọ́mọdé!

“Dádì, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ báyìí, àbí ibà ni?”

Ó gbé fóònù dání. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ tó kan ilẹ̀kùn. A jọ dúró, èmi lórí ibùsùn ní Mayfair, òun lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó rọra sọ pé bóyá wọn ò sí nílé, pé òun máa padà wá lọ́la. Mo ní kó padà wá lóòótọ́.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo kọ́ nìyí: nígbà tí a bá ń fi ìṣòro wa pa mọ́ fún ọmọ kó má bàa dààmú, ó ṣeé ṣe kí òun náà máa fi tirẹ̀ pa mọ́ fún wa. Àwa méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín síra wa lórí fóònù, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ti ẹnì kejì.

Ṣé ẹ ti fi irú nǹkan báyìí pa mọ́ fún ọmọ yín rí? Àbí ẹ̀yin ọmọ lẹ fi pa mọ́ fún bàbá yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, bó ti wù kó gùn tó. Kò sí èyí tí mi ò ní kà.