Òkúta Ìṣirò Mùfúlíátù

Ẹni tó bá ní ẹni tí kò mọ̀wé ò lè mọ ìṣirò, kó wá bá mi jà. Ọdún méjìlélógún gbáko ni Mùfúlíátù fi ṣètò iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kajú kan ní ìlú Parakou, òkúta wẹ́wẹ́ ló sì fi ṣe é. Láràárọ̀, á tẹ́ ẹní, á to òkúta sí ìlà mẹ́rin: síse, fífọ́, bíbó, ṣíṣà. Òkúta kan, obìnrin kan. Bí kajú bá pọ̀ jù níwájú àwọn tó ń fọ́ ọ, á ṣí òkúta kan kúrò nídìí ìkòkò wá sídìí tábìlì, ara á sì tu gbogbo wọn. Áà, ayé ìgbà náà dùn! Títí dòní, bó bá rántí àárọ̀ ọyẹ́, tí àwọn obìnrin ń fi èdè Dẹ̀ǹdí àti Nàgó bú ara wọn ṣeré, ọkàn rẹ̀ á fà sí i.

Nígbà tó yá, ẹnjiníà tuntun kan, Mùjàhídì, gbé kọ̀ǹpútà dé. Ọmọ dáadáa ni, kò gbéra ga. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi jókòó ti ìyá náà lórí ẹní, tó ń sọ òkúta di ìṣirò. Ọjọ́ tó parí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ìṣirò mi àti tiyín bára mu. Àmọ́ ẹnì kan lé. Ọ̀gá ní kí n mú orúkọ ẹni tí wọ́n máa dá dúró wá lónìí."

Mùfúlíátù mọ ẹni náà. Àràmọ́tù ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ní àdúgbò Ladjifarani. Oje kajú ti jẹ ẹ́ níka, ọwọ́ rẹ̀ ò yá mọ́, opó sì ni. Láti ọdún mẹ́ta ni Mùfúlíátù ti ń fi òkúta rẹ̀ sí ìlà ṣíṣà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní fura. Bó bá dárúkọ rẹ̀, ebi wọ ilé Àràmọ́tù nìyẹn.

"Ọmọ mi, ṣé kọ̀ǹpútà yìí ni yóò máa to iṣẹ́ láràárọ̀ báyìí?"

"Òun ni, Ìyá."

"Hẹ̀n-ẹ̀n. Èmi ni mo lé nígbà náà. Kọ orúkọ mi."

Ọmọ náà wò ó lójú. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó kọ ọ́.

Ilé ni Mùfúlíátù wà báyìí, ní àdúgbò Banikanni, àárò iṣẹ́ sì ń sọ ọ́ gidi gan-an. Àràmọ́tù ò mọ nǹkan kan. Bó bá ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fi ariwo bọnu:

"Ọ̀lẹ! O sá fún kajú, o fi èmi nìkan sílẹ̀!"

Mùfúlíátù á rẹ́rìn-ín, á ní, "Máa lọ jàre. Wọ́n ń dúró dè ọ́."